Ọ̀sìn ni Ọ́kíìdì Inú Fàráńdà, Kì í Ṣe Ọ̀gbìn

Kò sí ìdánwò tí ó le fún èdè ìperí tó pé kí wọ́n gbé e lé ẹni tí ó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan lè dùn létí níbi ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àkójọ ọ̀rọ̀, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ó sì jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹnì kan bá kọ́kọ́ gbìyànjú láti tẹ̀ lé e ni àbùkù rẹ̀ yóò hàn. Ìdánwò bẹ́ẹ̀ kì í sábà dé bá èdè ìperí físíìsì tàbí ti kẹ́mísírì, nítorí pé ẹni tí ó ń ka ọ̀rọ̀ Yorùbá níbẹ̀ ti mọ èyí tí ó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀, èyí tí ó mọ̀ náà ni ó sì fi ń ronú. Ibi tí ìdánwò náà ti ń dé ni iṣẹ́ ọwọ́, níbi tí ohun ẹlẹ́mìí kan yóò ti yè tàbí kú nítorí bí òǹkàwé ṣe lóye gbólóhùn kan. Ọ̀kan nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni títọ́jú òdòdó tí wọ́n ń pè ní ọ́kíìdì nínú ilé.

Ẹni tí kò ní ọgbà, tí kò sì ní ilé gíláàsì, lè sọ fàráńdà rẹ̀ di ibùgbé fún wọn. Ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, ohun tí èyí ń béèrè kò pọ̀: àwọ̀n tí yóò dín oòrùn ọ̀sán kù, igi gbọọrọ kan tí wọn yóò máa so ìkòkò rọ̀ sí, àti àwo fífẹ̀ tí òkúta wẹ́wẹ́ àti omi wà nínú rẹ̀ nísàlẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Ṣikágò, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, gíláàsì ni wọn yóò fi dí i yíká, wọn yóò sì wá ẹ̀rọ amúlégbóná sí i nítorí ìgbà òtútù. Iṣẹ́ kan náà ni fàráńdà méjèèjì ń ṣe, ṣùgbọ́n ewu inú wọn yàtọ̀, bí yóò ti hàn níwájú. Ní ti orúkọ àyè náà fúnra rẹ̀, kò yẹ kí ó fa àríyànjiyàn. Àwọn kan ń fẹ́ kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ padà wá gba iṣẹ́ rẹ̀, àwọn mìíràn ń fẹ́ ìloro. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀ nínú agbo-ilé, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gba ìtàn náà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìkòkò òdòdó. Ìloro, ẹnu ọ̀nà ni. Ènìyàn kì í so ìkòkò rọ̀ síbi tí àlejò yóò ti forí gbá a. Fàráńdà ti di ọ̀rọ̀ Yorùbá, kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Àwọn kan yóò wí pé òdòdó olówó ni èyí, pé ó yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè kọ́kọ́ parí ti àrùn ibà àti ti omi mímu ná kí wọ́n tó dé orí ohun ọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ètò ọdún mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ohun tí ó ti hàn kedere ni pé orí àwọn nǹkan tí ọwọ́ ọmọ lè tó ni èdè ìperí ti ń fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Ewéko wà lára wọn. Àṣìṣe tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ nípa ọ́kíìdì kì í sì í ṣe ti ọ́kíìdì nìkan, nítorí inú ìwé ẹ̀kọ́ nípa gbogbo ewéko ni ó ń wọ̀ lọ.

Kí á mú orúkọ rẹ̀ wò. Àwọn tí wọ́n kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò yóò fẹ́ kí wọ́n ṣẹ̀dá orúkọ Yorùbá fún un. Kò sí ìdí fún un. Ọ́kíìdì kì í ṣe orúkọ ewéko kan; orúkọ ẹbí ni, ẹbí tí ó tóbi dé ibi pé irú tí àwọn onímọ̀ ewéko ti kà nínú rẹ̀ tó nǹkan bí 28,000. Àwọn kan ń gbé orí igi, àwọn kan ń gbé ojú àpáta, àwọn mìíràn, irú bí ọ̀pọ̀ nínú ìdílé Eulophia tí ó wà ní ilẹ̀ Áfíríkà, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń hù bí iṣu àti ẹ̀gẹ́. Fánílà tí wọ́n fi ń ta àkàrà òyìnbó lọ́rùn, èso ọ́kíìdì ni. Kò sí àmì kan tí ojú lásán lè tètè rí tí ó lè di orúkọ fún gbogbo wọn. Àwọn ará Gíríìkì tí wọ́n fún un lórúkọ wo ohun roboto méjì tí ó wà nísàlẹ̀ irú kan, wọ́n sì fi í wé kórópọ̀n ọkùnrin. Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n túmọ̀ orúkọ yìí ní tààrà, kí ó kọ́kọ́ lọ kà á sókè ní kíláàsì kẹta ná. Ọ́kíìdì ni kí ó máa jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti ìwà rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá rí ọ́kíìdì lórí ẹ̀ka ìrókò tàbí ti obì, àfòmọ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé gbogbo ohun tí ó bá hù lára igi tí kì í ṣe igi náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gbajúmọ̀ dé ibi pé àwọn onígírámà Yorùbá yá a fún mọ́fíìmù tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti àfòmọ́ àárín. Nínú gírámà, àwàdà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí pé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kì í fa omi ara ọ̀rọ̀ ìṣe mu títí tí yóò fi rọ. Nínú ìmọ̀ ewéko, ọ̀rọ̀ náà ń ṣe jàǹbá.

Àfòmọ́ tòótọ́, èyí tí àgbẹ̀ kòkó mọ̀ ní ọ̀tá, a máa wọ inú igi. Ẹyẹ ni ó ń gbé hóró rẹ̀, tí oje tí ń lẹ̀ yí ká, láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Bí hóró náà bá ti hù, yóò gún èèpo igi wọlé, yóò sì so ara rẹ̀ mọ́ ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè nínú igi náà. Omi igi náà ni ó ń mu, àti àwọn ohun aṣaralóore tí ó wà nínú omi ọ̀hún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ní ewé tútù tirẹ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, síbẹ̀ tí kò sí igi tí kò bá tan, wọn kò parọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kò ní ohun púpọ̀ láti fi kún un.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí gan-an ni ó yọ ọ́kíìdì kúrò lára àfòmọ́. Ọ́kíìdì ní gbòǹgbò. Gbòǹgbò rẹ̀ pọ̀, ó nípọn, ó funfun, ó sì wà ní gbangba níbi tí ọmọdé yóò ti fọwọ́ kàn án. Kò gún igi. Ó di èèpo igi mú bí ẹni tí ó jókòó ti í di apá àga mú, kò sì sí ẹni tí ń sọ pé ẹni tí ó jókòó ń jẹ àga. Omi òjò tí ń ṣàn lára igi, ìrì, àti ewé tí ó jẹrà sí ìsopọ̀ ẹ̀ka ni ó fi ń bọ́ ara rẹ̀. Ewé tirẹ̀ ni ó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ó fi ń ṣe ìyókù. Bí ẹ̀ka tí ó wà lórí rẹ̀ bá kú, kì í bá a kú lọ́jọ́ kan náà. Bí ènìyàn bá sì gbé e kúrò lórí igi pátápátá, tí ó gbé e sínú ìkòkò tí ó kún fún èédú, yóò máa yọ òdòdó lọ. Kò sí àfòmọ́ tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó da méjèèjì pọ̀. Ó pẹ́ tí àwọn ará Yúróòpù pàápàá fi ń ka ọ́kíìdì orí igi sí ohun tí ń mu oje igi, tí wọ́n sì ń sin ín sínú igi jíjẹrà nínú ilé gíláàsì wọn, tí ó sì ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí òye wọn là, wọ́n ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ fún ìwà méjì. Ohun tí èdè Yorùbá nílò náà nìyẹn. Nínú ìwé ìdánwò, ọmọ tí wọ́n bá kọ́ pé àfòmọ́ ni ọ́kíìdì yóò kọ ọ́ pé ó ń fa omi igi mu, olùkọ́ yóò sì fi òdo sí i. Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún un ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nínú oko, àgbẹ̀ tí ó gbọ́ àfòmọ́ yóò yọ àdá, yóò sì ha ohun tí kò ṣe igi rẹ̀ ní ibi kan dànù.

Ọ̀rọ̀ tí ó bá ìwà náà mu ni agbórígi, ohun tí ó ń gbé orí igi. Kò sí ohun àjèjì nínú ìṣẹ̀dá rẹ̀: a- ni ó wà níwájú apólà ìṣe, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú apẹja àti akọ̀wé. Nínú gbogbo ewéko agbórígi, ọ́kíìdì kàn jẹ́ ọ̀kan ni. Àwọn tí ń hù lára ìtì ọ̀pẹ, tí wọn kì í yọ òdòdó rárá, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí àfòmọ́ máa jẹ́ ti àwọn tí ń wọ inú igi mu omi rẹ̀. Àwọn kan yóò dábàá afarahẹ, nítorí pé ó ti wà nínú gírámà fún mọ́fíìmù tí kò lè dá dúró. Ìdí náà gan-an ni kò fi yẹ: ọ́kíìdì lè dá dúró, ohun tí ìkòkò èédú inú fàráńdà sì ń fi hàn lójoojúmọ́ nìyẹn.

Láti ibí ni ọ̀rọ̀ ìṣe ti wọlé, bóyá òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí ó ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà. Kí ni ènìyàn ń ṣe sí ọ́kíìdì? Gbogbo ìtúmọ̀ tí ó bá kọ́kọ́ wá sí ọkàn yóò lo gbìn. Ṣùgbọ́n gbìn ní ilẹ̀ nínú. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé kí òun gbin nǹkan yóò wá ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá, yóò gbẹ́ ihò, yóò bo gbòǹgbò, yóò sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ṣe èyí sí ọ́kíìdì agbórígi, kò ní pẹ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ yóò fi jẹrà, nítorí pé gbòǹgbò tí a dá fún afẹ́fẹ́ kì í mí nínú amọ̀. Èédú tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́, èèpo igi, àti èèpo àgbọn tí wọ́n ti rẹ dáadáa kí iyọ̀ inú rẹ̀ lè jáde ni wọ́n ń lò. Àwọn mìíràn kò lo ìkòkò rárá. Wọ́n a fi okùn dè é mọ́ pátákó tàbí mọ́ gbogbo àgbọn kan tí wọ́n là sí méjì, títí tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi dì í mú. Ta ni yóò pe èyí ní gbígbìn?

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan nílẹ̀ tí ó bá a mu jù, èyí ni sìn. À ń sin adìẹ, à ń sin ewúrẹ́, wọ́n sì ń sin oyin. Ohun tí ó wà nínú sìn ni pé ẹni náà wá ibùgbé fún ohun ẹlẹ́mìí kan, ó ń fún un ní omi àti oúnjẹ ní ìwọ̀n tí ó yẹ, ó sì ń wo ojú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí ẹni tí ó ní ọ́kíìdì nínú fàráńdà ń ṣe láàárọ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tí ó bá sọ pé ẹran nìkan ni à ń sìn, kí ó rántí pé àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ sọ pé wọ́n ń sin oyin kò dúró kí oyin di ẹran. Nítorí náà kí ìwé ìtọ́sọ́nà sọ pé bí a ṣe ń sin ọ́kíìdì, kí ó sì fi gbìn sílẹ̀ fún Eulophia àti àwọn ará ilé rẹ̀ tí wọ́n ń gbé inú ilẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo yìí yóò gba ọ́kíìdì púpọ̀ là ju ojú ewé mẹ́wàá àlàyé lọ.

Ní ti àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀, méjì ni ó yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ìyókù kò ṣòro. Àkọ́kọ́ ni awọ funfun tí ó bo gbòǹgbò agbórígi. Àwọn sẹ́ẹ̀lì òkú ni, tí wọ́n tò lé ara wọn bí kànrìnkàn. Bí omi bá kàn án, á fà á mu kíákíá, yóò sì dì í mú títí tí inú gbòǹgbò yóò fi gbà á. Ẹ̀wù gbòǹgbò ni kí wọ́n pè é. Ó wúlò fún olùtọ́jú ju bí ó ti rò lọ. Bí ẹ̀wù yìí bá gbẹ, funfun ni yóò jẹ́. Bí ó bá mu omi yó, yóò mọ́ gaara, àwọ̀ ewé tí ó wà nísàlẹ̀ yóò sì hàn. Ẹni tí ó bá rí funfun, kí ó bu omi sí i. Ẹni tí ó bá rí àwọ̀ ewé, kí ó fi í sílẹ̀. Gbólóhùn yìí sàn ju kí ìwé máa sọ pé ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nítorí pé ọ̀sẹ̀ Èkó kò jọ ọ̀sẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù.

Èkejì ni ìtì tí ó wú nísàlẹ̀ ewé lára ọ̀pọ̀ irú wọn, níbi tí omi ń wà nípamọ́ fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gẹ̀ẹ́sì àti Látìnì fi í wé alùbọ́sà, wọ́n sì sọ pé alùbọ́sà irọ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá túmọ̀ èyí ní tààrà, àwọn tí ń kà á yóò máa wá alùbọ́sà òótọ́ kiri. Kí ni ó ń ṣe? Omi ni ó ń pamọ́. Kò sí ilé Yorùbá àtijọ́ tí kò ní ohun tí ń ṣe iṣẹ́ yẹn ní igun kan: àmù ni. Kí wọ́n pè é ní àmù ewéko. Nígbà tí omi bá ń tán nínú rẹ̀, yóò hun jọ, èyí sì ń sọ fún olùtọ́jú pé àmù ti ń gbẹ. Láti inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ méjì tí ó wúlò ti jáde: ọ́kíìdì alámù, irú bí Bulbophyllum, àti ọ́kíìdì aláìlámù, irú bí Phalaenopsis tí wọ́n ń tà jù lọ ní ilé ìtajà òyìnbó. Alámù lè fara da ọ̀gbẹlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Aláìlámù kò ní ibi tí yóò ti bu omi bí kò ṣe ewé àti gbòǹgbò rẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kí ó gbẹ fún ìgbà pípẹ́.

Alámù tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀ ni Ansellia africana, tí òdòdó rẹ̀ ní tóótòòtó bí awọ ẹkùn. Ó máa ń na gbòǹgbò tín-ín-rín ṣóṣóró sókè bí abẹ́rẹ́ yí ara rẹ̀ ká, ewé gbígbẹ tí ó bá já sínú wọn a sì jẹrà, a di ajílẹ̀ fún un. John Ansell ni ó rí i ní erékùṣù Fernando Po, tí ó ń jẹ́ Bioko lónìí, nígbà ìrìn-àjò Odò Ọya ti 1841. Àjàyí Crowther wà nínú ìrìn-àjò kan náà. Ní 1843 ni àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá ti Crowther jáde. Ní 1844 ni Lindley kọ òdòdó náà sílẹ̀ ní orúkọ Ansell. Ìrìn-àjò kan ni ó gbé ìmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ìmọ̀ ọ́kíìdì Áfíríkà kọjá lórí omi, síbẹ̀ nígbà tí ìwé Segerbäck lórí àwọn ọ́kíìdì Nàìjíríà jáde ní 1983, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí ó lè pa ọ́kíìdì ju gbogbo èyí tí a ti sọ lọ, Yorùbá pọ́ńbélé sì ni. Èyí ni tutù. Omi tutù, ilẹ̀ tutù lẹ́yìn òjò, ara òkú tutù, ẹ̀fọ́ tutù, abẹ́ igi tutù: òtútù, ọ̀rinrin, àìgbẹ, àti ìtura ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí kó mọ́ra. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, kò sí ìṣòro. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá sọ pé ibi tútù ni ọ́kíìdì ń fẹ́, ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn yóò gbé e sí ibi tí ooru kò ti pọ̀, tí afẹ́fẹ́ sì ní omi nínú díẹ̀, ohun tí ó ṣe yóò sì dára. Ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yóò gbé e sí fàráńdà tí kò ní iná ní oṣù kìíní ọdún, kò sì ní pẹ́ tí ewé Phalaenopsis rẹ̀ yóò fi rọ, nítorí pé irú rẹ̀ kì í fẹ́ kí òru lọ sílẹ̀ púpọ̀ ju ìwọ̀n 18 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Àwọn méjèèjì ka gbólóhùn kan náà.

Ó yẹ kí wọ́n pín iṣẹ́ náà. Kí òtútù máa jẹ́ ti ohun tí òṣùwọ̀n ooru ń wọ̀n nìkan. Kí ọ̀rinrin jẹ́ ti omi tí ó wà nínú afẹ́fẹ́, èyí tí ojú kò rí. Kí wọ́n sọ pé nǹkan rin, tàbí pé omi wà lára rẹ̀, nígbà tí ó bá jẹ́ pé omi ni ọwọ́ kàn. Ọyẹ́ ni olùkọ́ lè fi ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọdé: ní òwúrọ̀ ọyẹ́, òtútù wà, ọ̀rinrin kò sí, ètè sì ń sán. Ọ́kíìdì mọ ìyàtọ̀ náà bí ètè ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rinrin tí ó tó ìdajì sí ìdá méje nínú mẹ́wàá ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbà ni púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́. Nínú fàráńdà onígíláàsì ní ìlú òtútù, ẹ̀rọ amúlégbóná a máa sọ afẹ́fẹ́ di ti ọyẹ́; ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń gbé àwo omi àti òkúta wẹ́wẹ́ sí abẹ́ ìkòkò, láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ ìkòkò kan omi. Bí ọ̀rinrin bá sì wà tí afẹ́fẹ́ kò rìn, ewé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, nítorí náà fáànù kékeré kò ṣe é fi sílẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ ìyà irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orúkọ tí wọ́n fún ilé gíláàsì tí wọ́n ń kó ewéko ilẹ̀ olóoru sí ni sítóòfù, bí ìgbà tí ènìyàn bá pe ilé ní ààrò. Wọ́n sì ṣe é bí ààrò lóòótọ́: wọ́n dí gbogbo ihò, wọ́n dá iná, wọ́n da omi sí ojú ọ̀nà ooru kí ó lè máa yọ èéfín. Ọ̀pọ̀ ọ́kíìdì tí wọ́n kó dé láti orí òkè gíga ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù, níbi tí òru ti ń tutù níní, ni ó sè sínú rẹ̀. Nígbà tí Joseph Paxton, tí ó ń tọ́jú ọgbà Chatsworth, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fèrèsé tí ó sì dín ooru kù ní àwọn ọdún 1830, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ewéko náà kò le tó bí orúkọ ilé rẹ̀ ti sọ.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni. Kí ìwé má ṣe sọ oòrùn níbi tí ó ti ń fẹ́ sọ ìmọ́lẹ̀. Oòrùn òwúrọ̀ dára, ti ọ̀sán ń jó ewé. Ìṣọ́ra kan ṣoṣo tí ó kù wà nínú dúdú. Àgbẹ̀ tí ó bá rí àgbàdo tí ewé rẹ̀ dúdú minimini yóò yọ̀. Ọ́kíìdì tí ewé rẹ̀ bá dúdú bẹ́ẹ̀ kò rí ìmọ́lẹ̀ tó, kò sì ní yọ òdòdó. Òǹkọ̀wé tí ó bá yin ewé dúdú nínú ìwé ọ́kíìdì ti ṣi àwọn àgbẹ̀ lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ irúgbìn ṣòro díẹ̀. Èso ọ́kíìdì kan lè ní ọ̀kẹ́ àìmọye nínú, ṣùgbọ́n bí eruku ni wọ́n rí, wọn kò sì ní oúnjẹ kankan nínú bí hóró àgbàdo tàbí ẹ̀wà ti ní. Noël Bernard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣàwárí ní 1899 pé olú tín-ín-tín tí ojú lásán kò rí ni ó ń bọ́ wọn kí wọ́n tó lè hù. Ní 1922, Lewis Knudson fi hàn ní Amẹ́ríkà pé bí wọ́n bá fún wọn ní ṣúgà nínú ìgò tí kò sí kòkòrò nínú rẹ̀, wọn yóò hù láìsí olú. Irúgbìn, ohun tí a lè gbìn, kò bá a mu, bẹ́ẹ̀ ni hóró kò bá a mu. Lẹ́búlẹ́bú ni ó yẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá sọ pé lẹ́búlẹ́bú ti jẹ́ ti ohun akọ inú òdòdó kò tíì wo ọ́kíìdì fínnífínní: nínú òdòdó mìíràn, ohun akọ ni lẹ́búlẹ́bú, irúgbìn ni hóró, nínú ọ́kíìdì, ohun akọ wà ní ìdì roboto tí kòkòrò ń gbé lọ odindi, irúgbìn ni ó di lẹ́búlẹ́bú. Ọ̀rọ̀ náà ṣófo níbẹ̀, kí wọ́n lò ó.

Ohun tí ó tẹ̀ lé èyí kan igbó. Nítorí pé ọ́kíìdì kì í hù nírọ̀rùn láti inú lẹ́búlẹ́bú, tí ó sì lè gba ọdún mẹ́ta sí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó yọ òdòdó, ẹni tí ó bá ha èyí tí ó wà lórí igi lọ tà ti kó ohun tí igbó kò ní tètè rí dípò rẹ̀. Àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko ìgbẹ́, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, kó gbogbo ẹbí ọ́kíìdì sábẹ́ ìṣọ́. Ìwé Yorùbá tí ó bá kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń sìn ín gbọ́dọ̀ kọ ọ́ láti bi olùtà léèrè pé ọ̀sìn ni àbí ti ìgbẹ́. Ìbéèrè yẹn kò ní ìtumọ̀ bí ó bá jẹ́ pé gbìn ni ìwé náà ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kò ní wàhálà. Nígbà mìíràn, ọ́kíìdì kékeré a máa yọ lára ọ̀pá òdòdó ti ìyá rẹ̀, pẹ̀lú ewé àti gbòǹgbò tirẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò rí orúkọ fún un, wọ́n lọ yá ọ̀rọ̀ àwọn ará Hawaii tí ó túmọ̀ sí ọmọdé. Yorùbá kò ní láti rìn jìnnà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti mọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti mọ ọmọ ọ́kíìdì. Kí wọ́n jẹ́ kí ó wà lára ìyá rẹ̀ títí tí gbòǹgbò rẹ̀ yóò fi gùn tó ìka ọwọ́, kí wọ́n fi ọ̀bẹ tí wọ́n ti yọ́ lójú iná gé e, kí wọ́n sì gbé e sínú èédú tirẹ̀ ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti pọ̀ jù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.